Ìwé Pákó Bàbá Mi

Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ ní orúkọ. Kò sí ẹni tí ó ń kọ́ni ní èdè Yorùbá tí kò mọ òwe yìí. Èmi náà ti pa á ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìgbà fún àwọn ọmọ tí mo ń kọ́ ní ọjọ́ Sátidé ní Logbaba, ní ìlú Douala. Ṣùgbọ́n ìwé kan tí bàbá mi fi sílẹ̀ ni ó kọ́ mi pé igi náà ní ilé tí a gbọ́dọ̀ wò kí a tó pe orúkọ rẹ̀, àti pé ẹni tí ó bá pe orúkọ láìwo ilé lè ṣe ọmọ ọlọ́mọ léṣe.

Ilẹ̀ àwọn Bassa ni Logbaba wà. Ibẹ̀ ni àwọn tí ń wá epo ti rí gáàsì nínú ilẹ̀ ní àwọn ọdún 1950, kò sì jìnnà sí àdúgbò tí àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá pọ̀ sí. Ní ìgbà èwe mi, ariwo ọkọ̀ agbégi ni a fi ń mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́. Wọn a máa gbé ìtì igi tí ìdí rẹ̀ ga ju ọmọdé lọ kọjá, wọn a forí lé ilé ìlagi tàbí èbúté. Bàbá mi, tí ó jẹ́ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ti dé Douala kí wọ́n tó bí mi. Iṣẹ́ káfíńtà ni ó ń ṣe: bẹ́ẹ̀dì, àga, tábìlì, ilẹ̀kùn àti àjà ilé.

Ní ọdún 1983, oníbàárà kan tí òun náà jẹ́ ọmọ Yorùbá sọ fún un pé pákó arère ni kí ó fi ṣe àjà ilé òun. Arère fúyẹ́, àwọ̀ rẹ̀ mọ́, ayùn kì í sì í jìyà lára rẹ̀. Bàbá mi wá arère dé gbogbo ibi tí wọ́n ti ń ta pákó. Àwọn òǹtajà ní àwọn kò mọ igi tí ó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ayous ni wọ́n nà sí i. Ó ní ayous kọ́ ni òun ń béèrè. Nígbà tí ó rẹ̀ ẹ́, ó ránṣẹ́ sí Ìbàdàn, wọ́n bá a ra pákó, ó san owó ọkọ̀, ó san owó ibodè, ó sì tún san owó tí kò ní rìsíìtì. Ọjọ́ tí ẹrù dé ni àgbà káfíńtà kan tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Ìjẹ̀bú yọjú sí ṣọ́ọ̀bù. Ó mú pákó kan nínú èyí tí ó ti Ìbàdàn dé, ó ṣa ègé ayous kan nílẹ̀, ó fá àwọn méjèèjì, ó wọ́n omi sí wọn lára, ó sì gbé wọn sí bàbá mi nímú. Ó wá bi í pé, "Ọmọ mi, èwo ni arère níbẹ̀?" Bàbá mi kò lè dáhùn. Igi kan náà ni.

Owó tí ó bá ìrìn àjò pákó yẹn lọ ni owó ilé-ìwé mi fún sáà kan. Mo jókòó sílé, mo ń gbá ìfáfá igi jọ ní ṣọ́ọ̀bù. Ọmọdé ni mí, ọlidé ni mo pè é. Bàbá mi ni kò pè é ní ọlidé. Ní ọ̀sẹ̀ náà ni ó ra ìwé elẹ́yìn líle kan, tí ó fa ìlà sí àárín gbogbo ojú ewé rẹ̀.

Ní apá òsì, ó kọ orúkọ tí ó gbé wá láti ilé. Ní apá ọ̀tún, ó kọ orúkọ tí wọ́n ń pe igi náà ní Douala. Arère, ayous. Ìdígbó, framiré. Òpèpè, bilinga. Apá, doussié. Nígbà tí ó kan ìrókò, ọwọ́ rẹ̀ ní láti dúró, nítorí pé iroko náà ni wọ́n ń pè é ní èbúté Douala. Ọ̀rọ̀ Yorùbá ni àwọn oníṣòwò igi gbà lò káàkiri ayé. Wọ́n kàn bọ́ àmì orí rẹ̀ sílẹ̀ kí wọ́n tó gbé e wọ ọkọ̀ ojú omi ni. Bàbá mi kọ ìrókò sí òsì, ó kọ ọ́ sí ọ̀tún, ó sì kọ sí ìsàlẹ̀ pé: "Èyí bá wa dé ìhín."

Ní ọdún 2009 ni bàbá mi fi ayé sílẹ̀. Àwọn àbúrò mi mú ayùn àti irinṣẹ́. Èmi mú ìwé. Mo ní in lọ́kàn pé n ó fa ìlà kẹta sí ojú ewé kọ̀ọ̀kan, n ó sì kọ orúkọ Látìn tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pe igi náà sí i, kí àwọn ọmọ tí mo ń kọ́ lè ní ohun tí wọn yóò máa wò. Mo rò pé iṣẹ́ oṣù kan ni. Ọdún tí ó ti kọjá láti ìgbà náà ti ju mẹ́wàá lọ, n kò sì tíì parí rẹ̀.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé díẹ̀ fún òǹkàwé tí kì í ṣe onímọ̀ ewéko. Bí onímọ̀ bá wọ inú igbó, yóò ṣẹ́ ẹ̀ka kan pẹ̀lú ewé àti òdòdó rẹ̀, yóò tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ, yóò sá a gbẹ, yóò lẹ̀ ẹ́ mọ́ pépà líle. Yóò kọ orúkọ ara rẹ̀ sí i, ọjọ́ tí ó já a, ibi tí ó ti já a, àti nọ́ńbà tí ó fún un. Ilé tí a ń kó irú pépà bẹ́ẹ̀ pamọ́ sí wà ní Yaoundé, ó wà ní Ìbàdàn, ó wà ní Paris, ó sì wà ní Kew ní London. Ní ayé àtijọ́, ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ohun tí ó wà nínú wọn ní láti wọ ọkọ̀ lọ síbẹ̀. Lónìí, a ti ń tẹ ọ̀rọ̀ inú wọn sórí kọ̀ǹpútà. Àjọ kan tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 2001, tí wọ́n ń pè ní GBIF, tí ọ́fíìsì rẹ̀ wà ní Copenhagen, ni ó ń kó àwọn àkọsílẹ̀ wọ̀nyí jọ láti orílẹ̀-èdè púpọ̀. Ohun tí ó ti kó jọ ti ju bílíọ̀nù méjì lọ. Àwọn àká ìmọ̀ mìíràn sì wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀kan ń tọ́jú orúkọ, èkejì ń tọ́jú ewé gbígbẹ, ẹ̀kẹta ń tọ́jú àwòrán. Ìṣòro tí ó wà níbẹ̀ ni bí a ó ṣe so àkọsílẹ̀ inú àká kan mọ́ ti inú èkejì, kí ó lè dá wa lójú pé ohun kan náà ni àwọn méjèèjì ń sọ. Ìbéèrè Bàbá Ìjẹ̀bú ni: èwo ni arère níbẹ̀?

Ìrókò ni mo fi bẹ̀rẹ̀, nítorí mo rò pé òun ni yóò rọrùn jù. Ní ọdún 1869, Friedrich Welwitsch, ọmọ ilẹ̀ Austria tí ó ṣiṣẹ́ ní Àǹgólà, sọ ọ́ ní Morus excelsa. Ní ọdún 1880, a gbé e kúrò nínú ìdílé yẹn, ó di Chlorophora excelsa. Orúkọ yìí ni ó wà nínú àwọn ìwé tí a fi kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ igbó ọba fún nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún. Ní ọdún 1982, C. C. Berg tún gbé e lọ sí ìdílé mìíràn, ó di Milicia excelsa. Ìrókò kò kúrò lójú kan. Àwọn ọ̀mọ̀wé ni wọ́n ń gbé e kiri, ìdí tí wọ́n fi ń gbé e sì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, nítorí bí ìmọ̀ ṣe ń pọ̀ sí i ni a ń mọ ẹni tí ó bá igi tan. Ṣùgbọ́n ewé tí a já ní ọdún 1950 ṣì ń jẹ́ Chlorophora lórí pépà rẹ̀ títí di òní. Bí kò bá sí ẹni tí ó so orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, ẹni tí ó bá ń wá Milicia yóò rò pé igi náà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ayé ni.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí ó yà mí lẹ́nu. Georg Zenker, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, ti ṣe olórí ibùdó Yaoundé kí ó tó lọ tẹ̀dó sí Bipindi ní gúúsù Kamẹrúùnù, níbi tí ó ti ń já ewé títí ó fi kú ní ọdún 1922. Bí ó bá ṣẹ́ ẹ̀ka lára igi kan, a máa pín in sí ọ̀nà púpọ̀, nọ́ńbà kan náà ni yóò kọ sára gbogbo wọn, a ó sì fi wọ́n ránṣẹ́ sí ilé ìkó-ewé-pamọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ní Yúróòpù. Tí àwọn ilé wọ̀nyí bá tẹ àkọsílẹ̀ wọn sórí kọ̀ǹpútà lónìí, tí kọ̀ǹpútà kò sì mọ̀ pé ọmọ ìyá kan ni wọ́n, yóò ka igi kan sí igi mẹ́rin tàbí márùn-ún. Ní oṣù Kẹta ọdún 1943, bọ́ǹbù jó ilé ìkó-ewé-pamọ́ Berlin, èyí tí ó pọ̀ jù nínú ohun tí ó wà níbẹ̀ sì di eérú. Síbẹ̀, bí a bá lè so nọ́ńbà mọ́ nọ́ńbà, ewé tí ó kù ní ìlú mìíràn a di ẹlẹ́rìí fún èyí tí ó jóná. Nítorí náà, a kò so àkọsílẹ̀ pọ̀ nítorí ẹwà. Òun ni a fi ń mọ ohun tí a ní, òun náà ni a sì fi ń mọ ohun tí ó ti sọnù.

Ibodè tí bàbá mi san owó rẹ̀ náà wà nínú ìwé. Nígbà tí Hutchinson àti Dalziel ṣe ìwé ńlá lórí ewéko Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tí ó jáde láàárín ọdún 1927 sí 1936, wọ́n ka apá Kamẹrúùnù tí ó wà lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì mọ́ ọn. Douala wà lábẹ́ ìjọba Faransé, nítorí náà kò sí nínú ìwé yẹn. Ìwé tirẹ̀, tí ó jẹ́ ti èdè Faransé, bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní Paris ní ọdún 1963. Àwọn òyìnbó fa ìlà sórí ilẹ̀, ìlà náà sì la inú ìwé kọjá, ó dé ọ̀dọ̀ káfíńtà tí ń wá arère lẹ́bàá arère.

Àwọn àgbà máa ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó bú ìrókò tán tí ó wá ń bojú wẹ̀yìn pé, ṣé òòjọ́ ni ìrókò ń jà? Àṣìṣe orúkọ náà kì í jà ní òòjọ́. Ní ọdún 2014, mo tẹ orúkọ igi ogójì jáde láti inú ìwé bàbá mi fún àwọn ọmọ kíláàsì mi. Ilé kọ̀ǹpútà tí a ń sanwó lò ni mo ti tẹ̀ ẹ́, kọ̀ǹpútà ibẹ̀ kò sì ní àmì ohùn, kò ní àmì ìsàlẹ̀ lẹ́tà. Mo sọ fún ara mi pé àwọn ọmọ yóò mọ̀ ọ́n. Lára ohun tí mo tẹ̀ ni èyí: "Oro: èso rẹ̀ dùn, ó ṣeé jẹ."

Òro ni mo ní lọ́kàn, igi tí à ń jẹ èso rẹ̀, tí à ń fi àpọ̀n inú rẹ̀ se ọbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọkùnrin kan wà nínú kíláàsì náà, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, tí ìyá rẹ̀ àgbà gbin ọrọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ògiri ilé wọn. Ọrọ́ ni igi ẹlẹ́gùn-ún tí kò ní ewé púpọ̀, tí oje funfun inú rẹ̀ ń ta ojú bí ata. Ọ̀kan nínú irú rẹ̀ tilẹ̀ ń jẹ́ Euphorbia kamerunica, orúkọ orílẹ̀-èdè tí a wà ni a fi pè é. Bí a bá bọ́ àmì kúrò lára òro, tí a bọ́ ọ kúrò lára ọrọ́, kí ni ó kù tí a fi lè dá wọn mọ̀? Ọmọ náà ka ohun tí Àǹtí rẹ̀ kọ, ó sì lọ wá èso lára ohun tí ó mọ̀. Ó ṣẹ́ ẹ̀ka náà, oje ta sí i lójú ọ̀tún.

Wọ́n sáré fi omi fọ ojú rẹ̀, wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ọjọ́ márùn-ún ni wọ́n fi báńdéèjì bo ojú náà. Ní ọjọ́ kejì, ìyá rẹ̀ wá bá mi ní ilé. Kò pariwo. Ó na pépà náà sí mi, ó ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi kà á." Mo là á, mo fẹ́ kà á, mo sì dákẹ́. Ìgbà náà ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé ohun tí mo kọ kò ní ohùn. Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní Ọlọ́run yóò wo ọmọ náà sàn, Ọlọ́run sì wò ó sàn. Ojú náà ríran títí di òní. Ṣùgbọ́n fún oṣù mẹ́ta, n kò lè fi ọwọ́ kan ìwé bàbá mi.

Nígbà tí mo tún ṣí i, ojú ewé òro ni mo kọ́kọ́ wá lọ. Bàbá mi kò ka ìwé kọjá alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ó fi bírò pupa fi àmì sórí òro dáadáa. Lábẹ́ rẹ̀, ó kọ ohun tí n kò fiyè sí rí: "Méjì ni. Ọ̀kan dùn, ọ̀kan korò. Àwọn obìnrin ọjà ní kì í ṣe ọ̀kan náà." Mo gbé ọ̀rọ̀ yìí lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Fún ìgbà pípẹ́, orúkọ kan ṣoṣo, Irvingia gabonensis, ni àwọn onímọ̀ fi ń pe àwọn méjèèjì. Ní ọdún 1975, J. C. Okafor, onímọ̀ ewéko ọmọ Nàìjíríà, fi hàn pé oríṣi méjì ni wọ́n lábẹ́ orúkọ kan náà. Ní ọdún 1996, nínú iṣẹ́ tí David Harris ṣe lórí ìdílé igi náà, a ya wọ́n sọ́tọ̀ pátápátá: èyí tí ara èso rẹ̀ dùn ṣì ń jẹ́ Irvingia gabonensis, èyí tí ó korò ń jẹ́ Irvingia wombolu. Ohun tí ọ̀mọ̀wé fi ọ̀pọ̀ ọdún wádìí, ahọ́n àwọn obìnrin ọjà ti mọ̀ ọ́n tipẹ́.

Níbẹ̀ ni mo ti kọ́ pé síso orúkọ pọ̀ ju kí a fi àmì ìdọ́gba sí àárín orúkọ méjì lọ. Ìrókò rí bẹ́ẹ̀: orúkọ mẹ́ta, igi kan. Òro kò rí bẹ́ẹ̀: orúkọ kan, igi méjì. Àkọsílẹ̀ tí a kọ Irvingia gabonensis sí ní ọdún 1960 lè jẹ́ èyí tí ó dùn, ó sì lè jẹ́ èyí tí ó korò. Ẹni tí yóò so ó mọ́ òmíràn gbọ́dọ̀ béèrè ìgbà tí a kọ ọ́, ẹni tí ó kọ ọ́, àti ohun tí orúkọ náà túmọ̀ sí lẹ́nu onítọ̀hún ní ọjọ́ yẹn. Kódà, mo ní láti tún ìlà kan ṣe nínú ìwé bàbá mi. Ó kọ apá sí òsì, ó kọ doussié sí ọ̀tún. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kò kún. Afzelia africana ni a mọ̀ sí apá nílé; àwọn oníṣòwò Douala ń pe Afzelia mìíràn náà ní doussié, títí kan Afzelia bipindensis, tí a fi orúkọ Bipindi ti Zenker sọ. Ọ̀rọ̀ yìí ti di ọ̀rọ̀ òfin báyìí. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2022, ní ìpàdé àwọn orílẹ̀-èdè tí ó fọwọ́ sí àdéhùn CITES ní Panama, a fi gbogbo Afzelia ilẹ̀ Áfíríkà sí ara àwọn igi tí a kò gbọdọ̀ kó pákó wọn kọjá ibodè láìsí ìwé àṣẹ. Káfíńtà tí ó mọ apá, oníṣòwò tí ó mọ doussié, òṣìṣẹ́ ibodè tí ó mọ Afzelia: bí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò bá gbọ́ ara wọn yé, igi ni yóò tán, tálákà ni yóò sì sanwó ìtanràn.

Ẹ̀yin olùkọ́ èdè ẹlẹgbẹ́ mi, iṣẹ́ yìí kì í ṣe ti onímọ̀ kọ̀ǹpútà nìkan. Àwọn àká ìmọ̀ wọ̀nyí ní àyè tí a lè kọ orúkọ tí àwọn ará ìlú ń pe igi sí, pẹ̀lú orúkọ èdè tí wọ́n fi ń pè é. Ta ni yóò kọ ti Yorùbá síbẹ̀ tí yóò kọ ọ́ dáadáa? Pierre Fatumbi Verger ṣe ipa tirẹ̀ nínú ìwé Ewé tí ó jáde ní ọdún 1995, níbi tí orúkọ Yorùbá àti orúkọ Látìn ti pàdé lójú ewé kan. Iṣẹ́ kù fún wa. Bí a bá ní kí akẹ́kọ̀ọ́ gba orúkọ ewé sílẹ̀ lẹ́nu àgbà, kí a kọ́ ọ láti kọ ìlú tí àgbà náà ti wá, ọdún tí ó sọ ọ́, àti ohùn tí ó fi sọ ọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wa ń rò pé nítorí ìdánwò ni a ṣe ń fi àmì sórí ọ̀rọ̀. Mo ti rí ojú ọmọ tí àìfi àmì sórí ọ̀rọ̀ wú.

Ọmọ náà ti di géńdé báyìí. Ní ọdún tí ó kọjá, ó wá bá mi pẹ̀lú kọ̀ǹpútà alágbèéká rẹ̀, ó ní òun fẹ́ bá mi tẹ ìwé bàbá mi tán. A pín ojú ewé sí ìlà márùn-ún: orúkọ nílé, orúkọ ní Douala, orúkọ Látìn ti àtijọ́, orúkọ Látìn ti ìsinsìnyí, àti ẹni tí ó sọ ọ́ fún wa. Nígbà tí a dé ojú ewé òro, mo ní kí ó dìde kí èmi tẹ̀ ẹ́. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Àǹtí, ẹ jẹ́ kí n tẹ̀ ẹ́ fúnra mi." Ó tẹ òro, ó fi àmì sí i lórí, ó kà á sókè sétígbọ̀ọ́ mi, kí ó tó bọ́ sórí ìlà tí ó kàn.